Látúndé Ọdẹ́kù, Ọmọ Àwẹ́ Tó Mọ Ọ̀nà Iṣan

Àṣà wa ni nínú irú ìwé ọdọọdún báyìí láti máa sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn akọni tó ti lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ipasẹ̀ tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń kọ nípa ọba, nípa jagunjagun àti nípa àwọn òǹkọ̀wé wa. Dókítà ni èmi mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ni, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti iṣan tó fi gbà á yanjú. N kò fojú kàn án rí. Ó ti kú ní ọdún méje kí ọ̀ràn rẹ̀ tó kàn mí. Ọmọ Àwẹ́ ni òun, ọmọ Ekinrin-Adde ni èmi. Ọwọ́ ìyá mi ló mú mi dé ìdí ìtàn rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ahunṣọ ni ìyá mi. Lórí òfì ìnàró tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń lò ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi rán mi ní ilé-ìwé. Ní 1980, nígbà tí Ekinrin-Adde ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ìrora náà a bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, a gba inú apá lọ, a sì parí sí ìka ọmọńdinrín bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè láti to òwú, ọwọ́ a kú tipiri. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, tí wọ́n ya fọ́tò egungun, ó hàn pé egungun ìhà kékeré kan hù sí ọrùn wọn, níbi tí egungun ìhà kì í sábà wà, òun ló sì ń fún iṣan apá mọ́ra. Ní 1981, ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, wọ́n sì yọ egungun náà. Ìrora apá rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá mi ti jí lórí ibùsùn náà ni ọwọ́ kò ti jẹ́ tiwọn mọ́. Ìka méjì tó gbẹ̀yìn ká kò bí èékánná àṣá. Wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ìpéǹpéjú ọ̀tún sì wálẹ̀ díẹ̀, bí ti ẹni tó ń tòògbé.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n mú ìwé kan wá kí bàbá mi tẹ ìka sí i. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí abẹ kan iṣan. Bàbá mi ní kò burú, èmi náà sì ní kò burú, èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni àwa méjèèjì rò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, a ó dì í, yóò sì dá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fọwọ́ sí ohun tí a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni à ń pè é. Ẹran ara tó ń le nígbà tí a bá gbé ẹrù, iṣan ni. Okùn líle tó so ẹran yẹn mọ́ egungun, iṣan náà ni. Ẹ̀kẹrin wá ni fọ́nrán funfun tí ọpọlọ fi ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́, tí òun náà sì fi ń gbọ́ ìròyìn pé iná ń jó ìka; iṣan náà ni. Mẹ́rin ni wọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ẹ̀kẹrin yìí ni n ó máa pè ní iṣan ìmọ̀lára. Gbòǹgbò márùn-ún rẹ̀ ló jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní ọrùn lọ sí apá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba àárín àwọn ẹran ọrùn kọjá, wọ́n gba orí egungun ìhà àkọ́kọ́, wọ́n wọ abíyá, wọ́n sì tàn dé ìka. Ojú ọ̀nà tóóró ni. Bí egungun àlékún bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹran ọrùn bá le jù, yóò máa fún wọn.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń gbìyànjú láti la ọ̀nà náà. Ní 1861, Holmes Coote yọ irú egungun bẹ́ẹ̀ ní London. Ní 1966, David Roos ní Amẹ́ríkà fi hàn bí a ti lè gba abíyá wọlé láti yọ egungun ìhà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí abẹ gbà wọlé, oníṣẹ́ abẹ kò lè ṣàì ti iṣan ìmọ̀lára sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rí egungun. Bí ó bá fà á jù, yóò ràn. Bí irinṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, yóò kú díẹ̀. Bí abẹ bá ṣèèṣì kàn án, ó lè já. Gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ń lọ sí ìka ọmọńdinrín, ló sún mọ́ egungun náà jù lọ. Ewu yìí wà fún ẹni tó mọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi yẹ kí aláìsàn gbọ́ ọ ní èdè tó yé e kó tó tẹ ìka síwèé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a gbé ìyá mi lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀ kò kánjú. Ó fi abẹ́rẹ́ kan ìka kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú, ó wo ojú wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé iṣan ìmọ̀lára ni ó fara gbọgbẹ́, àti pé ó jọ pé ó ràn ni, kò já tán. Ó ní bí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá ń hù padà, nǹkan bí mìlímítà 1 ló ń hù lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù, láti ọrùn dé ìka tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 70. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹran ọwọ́ tí kò bá gbọ́ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sábà máa ń gbẹ kọjá àtúnṣe. Ó ní kí ìyá mi máa na ìka náà láràárọ̀, kí oríkèé má baà gan. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ yóò padà. Ọ̀rọ̀ náà dunni, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni sọ òtítọ́ ọwọ́ náà fún ìyá mi. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀.

A lọ, a bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìrìnàjò wọ̀nyí, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Òkun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, mú mi wọ ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn. Níbẹ̀ ni mo ti kà nípa Augusta Klumpke, obìnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ní 1859, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Paris. Òun ló ṣàlàyé ní 1885 pé bí gbòǹgbò iṣan ìsàlẹ̀ ọrùn bá fara pa, ọwọ́ yóò rọ, ojú ẹ̀gbẹ́ kan náà yóò sì yí padà, nítorí pé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ìpéǹpéjú àti ẹyinjú ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo rí ojú ìyá mi nínú ìwé náà. Bí mo ti ń jáde ni mo bèèrè ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkàwé náà. Ọdẹ́kù ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì sọ fún mi pé òun ló dá irú ìmọ̀ tó gba ìyá mi sílẹ̀ lójú òkùnkùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní 1927 ni wọ́n bí Emmanuel Látúndé Ọdẹ́kù. Ọmọ Àwẹ́ ni, ìlú tó wà ní ìtòsí Ọ̀yọ́. Ní ilé-ìwé Methodist Boys' High School ní Èkó ló ti kàwé mẹ́wàá. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. 1948 ni èyí tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ di dókítà gidi ní láti rékọjá òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìlú Òyìnbó lọ. Amẹ́ríkà ni òun kọjú sí, ó wọ Yunifásítì Howard ní Washington.

Kò yẹ kí á fojú fo Howard. Ní 1867 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọmọ ẹrú lè rí ibi kàwé. Títí di ìgbà tí Ọdẹ́kù débẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ náà kì í gba ènìyàn dúdú, tàbí kí wọ́n gba ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Nínú Washington gan-an, ilé oúnjẹ kan wà tí ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọmọ Àwẹ́ yìí ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nípa ẹranko ní 1950, tó sì gba oyè dókítà ní 1954.

Bí ó bá padà wálé nígbà náà láti máa tọ́jú ibà àti inú rírun, ẹnikẹ́ni kì bá tí bá a wí. Ilé nílò dókítà irú wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí ilé kò ní rárá. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti iṣan ìmọ̀lára jẹ́ ẹ̀ka tí Harvey Cushing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ di iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún. Ó gba sùúrù púpọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ yóò lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún sí i lẹ́yìn tí ó ti di dókítà. Ọdẹ́kù lọ sí Yunifásítì Michigan ní Ann Arbor, ó sì kọ́ ọ lábẹ́ Edgar Kahn, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtagí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ìgbà náà. Nígbà tí ó parí, ó yege ìdánwò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì padà sí Howard láti máa kọ́ni.

Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nìyí. Ní Howard, ó ní iṣẹ́, ó ní irinṣẹ́, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè fọ̀rọ̀ lọ̀. Ní ilé, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1960. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí UCH, ti ṣí ní 1957, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí abẹ ọpọlọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá tí orí rẹ̀ fọ́, ọmọ tí omi kún inú agbárí rẹ̀, ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kú, kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn. Ní 1962, Ọdẹ́kù di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni.

Ọdún méjìlá péré ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ ní ìpele ìpele kò tíì sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn, ní London. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ìgbà náà ní ni ẹ́síréè lásán, àti oògùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú fọ́tò, tàbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú àyè tó wà láàárín ọpọlọ. Òjìji ni wọ́n ń rí, òjìji náà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹran wà, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń ṣe nínú igbó. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ abẹ tó mú abẹ, ó di dandan kí ó fi ojú, ọwọ́ àti ìbéèrè wá ibi tí àrùn fara pamọ́ sí. Irú àyẹ̀wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan, ni mo rí tí wọ́n ṣe fún ìyá mi lẹ́yìn tí Ọdẹ́kù ti kú.

Kò dá ìmọ̀ náà jẹ. Adélọlá Adélóyè bá a ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí òun kì í lo abẹ ṣùgbọ́n tó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú àrùn ọpọlọ àti iṣan, wà ní Ìbàdàn kan náà. Òun ló fi hàn pé májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa wà lára ohun tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ lára àwọn tó gbára lé e jù. Ní 1971, Adélóyè àti Ọdẹ́kù kọ̀wé nípa kókó kan tí wọ́n rí lórí àwùjẹ̀ àwọn ọmọ wa, títí di òní olónìí ni àwọn oníṣègùn àgbáyé sì ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe kókó náà. Ọdẹ́kù tún kọ̀wé nípa àwọn kókó inú agbárí tí wọ́n rí ní Ìbàdàn. Ohun tí a kò bá ní ẹni tó lè rí i, a ó máa rò pé kò sí láàárín wa. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣeé sọ mọ́ pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ orí àti ti iṣan pọ̀ sí i, nítorí ìbọn kì í mọ ojú. Láàárín gbogbo èyí, ó ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ewì rẹ̀ Twilight Out of the Night jáde ní 1964, Whispers from the Night sì tẹ̀lé e ní 1969. Òru wà nínú orúkọ méjèèjì. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ń fi abẹ kan ibi tí ẹ̀mí àti ìrònú ènìyàn ń gbé, òru ni yóò máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àìsàn kò jẹ́ kó pẹ́. Àrùn àtọ̀gbẹ ló bá a jà. Àtọ̀gbẹ yìí kan náà ni àrùn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ jù lọ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1974, Látúndé Ọdẹ́kù kú ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní London. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ikú mú ọdẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là sínú igbó kò dí. Àwọn tó kọ́ ń kọ́ ẹlòmíràn, àwọn yẹn náà sì kọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìkàwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń jókòó kàwé.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọwọ́ ìyá mi ti rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìmọ̀lára padà sí inú apá. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lè di ife mú. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e gbọ́ tiwọn dáadáa. Ìka ọmọńdinrín kò nà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ìpéǹpéjú náà kò sì gòkè tán. Wọ́n padà sídìí òfì, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò wọn ló ń bá wọn to òwú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ki í mọ́lẹ̀. Aṣọ tí wọ́n hun lẹ́yìn ìgbà náà kò pọ̀ tó ti àtijọ́. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Létí rẹ̀ kan, òwú kò tò déédéé, èmi kì í sì í jẹ́ kí aránṣọ tún un ṣe.

N kò bínú sí abẹ. Láìsí abẹ, egungun yẹn ì bá ti máa pa apá náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni ìwé tí bàbá mi tẹ ìka sí. Bí wọ́n bá ti là á yé wa pé iṣan ìmọ̀lára ni, pé ọwọ́ ahunṣọ lè má padà, bóyá ìyá mi ì bá ti gbà bẹ́ẹ̀ náà, bóyá wọn ì bá sì ti ní kí á kọ́kọ́ gbìyànjú nína apá àti ìsinmi ná. Ìyá mi ni ìbá yàn. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá fi yàn.

Ibi tí iṣẹ́ kan àwa nìyí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdẹ́kù gbé ìmọ̀ náà láti Ann Arbor dé Ìbàdàn. Kò sí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún méjìlá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo rẹ̀, àtewì àtìwé ìṣègùn. Láti Ìbàdàn dé Ekinrin-Adde, ó ku ibùsọ̀ kan tí abẹ kò lè rìn, ọ̀rọ̀ ló lè rìn ín. Àwa tí a jókòó ṣe èdè-ìperí fún fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì, tí a rí orúkọ fún oríṣiríṣi gbólóhùn, ó yẹ kí á lè rí orúkọ mẹ́rin fún iṣan mẹ́rin, kí a sì gbé e lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa kí ó lè di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Iṣan ìmọ̀lára tí mo lò níhìn-ín, bí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú lọ, ẹ mú un wá.

Sùn un re o, Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́. Ìwọ kò mọ ìyá mi, ìyá mi kò sì mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ di ọwọ́ wọn mú.